Tóbi, A Bá Ọ Yọ̀!

Olúwatóbilọ́ba Ayọ̀mídé Amúsàn, kú oríire, kú ìnáwó ayọ̀, kú ẹsẹ̀ tí kò tàsé! Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí ọ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò ní gbà kí Òde nìkan dá ayọ̀ yìí jẹ. Àwọn ará Abígi àti Ìwópin létí omi náà ń béèrè ìpín tiwọn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ọmọ tíṣà yìí, ọmọ ọdún 18, gba góòlù eré fífo igi 100 mítà nínú Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní Brazzaville. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló gba fàdákà àgbáyé ní Tokyo. Ọdún mẹ́wàá gééré.

Ẹni tí kò mọ eré yìí lè rò pé ká ṣáà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Rárá o. Igi mẹ́wàá ni wọ́n tò sójú ọ̀nà 100 mítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 84. Mítà 8.5 ló wà láàrin igi kan sí èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sì ni wọ́n fi ń kọjá rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Ẹ wá wo ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, Tóbi sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Ká tó sín tán, ó ti débẹ̀! Àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.20 tí Kendra Harrison ti dì mú láti ọdún 2016 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Michael Johnson, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú eré sísá, sọ ní gbangba pé òun kò gba aago náà gbọ́. Àwọn tó ni ìdíje gbà á gbọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ wa tún jáde, ó sá àṣekágbá ní 12.06. Atẹ́gùn ló ba èyí jẹ́: mítà 2.0 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òfin gbà, 2.5 ló fẹ́ lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 12.12 là ń pè títí dòní. Góòlù ṣáà wà lọ́rùn rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà nínú ìdíje eré sísá àgbáyé. Nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa, ó sunkún. Ta ni kò ní sunkún?

Èmi o, fàdákà Tokyo dùn mọ́ mi ju góòlù yẹn lọ. Lọ́dún 2023 wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé àwọn ayẹ̀wò-oògùn-olóró kò bá a níbi tó yẹ kí wọ́n ti bá a. Ìgbìmọ̀ dá a láre. Àwọn tó fẹ̀sùn kàn án pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tún dá a láre lọ́dún 2024. Síbẹ̀, ipò kẹfà ló wà nínú ìdíje àgbáyé ní Budapest, kò sì dé àṣekágbá Òlíńpíìkì ní Paris. Àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ti tán. Pápá Tokyo yìí kan náà ló ti gba ipò kẹrin nínú Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, tí idẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó padà síbẹ̀ lẹ́ni ọdún 28, ó sá 12.29, Ditaji Kambundji ọmọ Switzerland nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Tóbi, bí o bá délé, má ṣe dúró sí Òde o. Wọ ọkọ̀ tó ń gba Òrù kọjá. A ti rin ewùrà, ìkọ́kọrẹ́ ti wà lórí iná ní Ìjẹ̀bú-Igbó.