Ẹni Tí Ogun Lé Rí Kì í Tilẹ̀kùn Mọ́ Ogunléndé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè korò díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá bá ara wa sọ òótọ́, ta ni yóò bá wa sọ ọ́?

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ẹnì kan dìde, ó ní kí a yọ díẹ̀ nínú owó àríyá ọdún, kí a fi ran àwọn ogunléndé tí ìjọba kó sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò wa lọ́wọ́. Kíá ni ariwo ta. Ẹnì kan ní, “Kí ló kàn wá? Ṣé Yorùbá ni wọ́n ni?” Òmíràn ní kí a tún ilé tiwa ṣe ná. Ẹ̀kẹta ní kí a má lọ fi ọwọ́ ara wa fa wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kú. Lẹ́yìn náà, odidi wákàtí kan ni a fi jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ ẹbí. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sì la ẹnu. Ìtìjú yẹn ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ló kàn wá, ta ló tẹ Abẹ́òkúta dó? Ogunléndé ni. Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká wá sábẹ́ Olúmọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn Òwu, tí ogun ti fọ́ ìlú tiwọn, fi dé bá wọn, wọ́n sì rí ilẹ̀ tẹ̀dó sí. Ẹni tí kò tíì fìdí múlẹ̀ ló gba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú ń dá owó jọ bí ẹní dá èsúsú, wọ́n ń fi ra òmìnira ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò ọdún 1993, tí Abacha sì gbàjọba, mélòó nínú wa ni kò sá? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, ẹnu ibodè Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gbà jáde. Nígbà tí wọ́n sì yẹgi fún Ken Saro-Wiwa ní 1995, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará Ògóni sá sí. Bí àwọn aládùúgbò wa bá ti ní “Kí ló kàn wá?”, níbo ni wọn ì bá wọ̀ sí?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Ẹni tí ó bá tọrọ ààbò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ gbowó. Àfi bí ó bá ti dúró fún oṣù 12 láìgbọ́ èsì ni ó tó lè tọrọ àyè, ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ ni wọn yóò sì fi mọ sí. Ní ọdún 2024, £49.18 lọ́sẹ̀ ni ìjọba ń fún ẹni tí ń dáná fúnra rẹ̀: oúnjẹ, ọṣẹ, owó bọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin gbà á láyè láti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí ará Sudan tí kò tíì rí pálí gbà, tí ń bó ọ̀dùnkún ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ará Eritrea sì ń ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tí ó dé lánàá. Àwa tí a ní pálí, tí a ní mọ́tò, aṣọ ẹbí ni à ń yàn.

Ẹ ní kí a tún ilé ṣe ná. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ń dúró de èsì yìí. Ẹ ò rí wọn nítorí pé wọ́n ń sá fún wa. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá rí wọn lónìí, ìròyìn wọn yóò ti dé Òṣogbo kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ìyá òyìnbó tí kò gbọ́ “ẹ káàárọ̀” ni wọ́n ń sọ àṣírí wọn fún. Ṣé ilé tí à ń tún ṣe nìyẹn?

Ẹ ní kí a má fa wàhálà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn jàǹdùkú ya bo òtẹ́ẹ̀lì ogunléndé kan lẹ́bàá Rotherham, wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́ nígbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ní Middlesbrough, wọ́n ń dá mọ́tò dúró, wọ́n ń bi awakọ̀ bóyá òyìnbó ni. Pálí kọ́ ni wọ́n béèrè, àwọ̀ ara ni. Ẹni tí ó rò pé pálí òun ni yóò gba òun, kí ó tún inú rò.

N kò ní kí a má ṣe àríyá. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda wákàtí 2 lóṣù. Kí a má ṣe fún wọn ní ìmọ̀ràn lórí òfin ìwọ̀lú, nítorí òfin ọdún 1999 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kò gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n a lè sìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, a lè ṣe ògbufọ̀, a lè kó kóòtù òtútù jọ, a sì lè gbé ìkòkò ìrẹsì kan kúrò nínú mẹ́wàá. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a pa ẹnu wa mọ́ lórí àṣírí ọlọ́ṣìí ènìyàn.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, èmi ni n óò dìde gbé àbá náà kalẹ̀. Kí ẹni tí yóò tún sọ pé “Kí ló kàn wá?” kọ́kọ́ sọ fún wa bí baba tirẹ̀ ṣe dé ibi tí ó dé.