Ìgbàgbọ́ Tí Aládùúgbò Lè Fi Ojú Ara Rẹ̀ Yẹ̀ Wò

Ní Idasen, lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ute níbi tí Yunifásítì Achievers wà, àmì ẹ̀sìn Kristẹni kò fara sin rárá: ó wà lára gíláàsì mọ́tò, ó wà lórí pátákó ìsọ̀, ó sì ń ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde ní ọ̀gànjọ́ òru. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí àwọn Kristẹni agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ wọn hàn lè dà bí ẹni tí ń polówó omi fún ará etídò. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí à ń wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a lẹ̀ mọ́ ara nǹkan. Ìgbàgbọ́ tí ó hàn ni èyí tí aládùúgbò tí kò wọ ilé ìjọsìn rí lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò nínú òwò onígbàgbọ́, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti nínú bí ó ti ń bá ènìyàn lò. Ìgboyà sì ni kí onítọ̀hún má yẹsẹ̀ lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ máa gba owó, ipò tàbí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé Ìhìnrere Jòhánù sọ nípa Jósẹ́fù ará Arimatíà, tí ìbẹ̀rù mú kí ó jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ní ìkọ̀kọ̀, àti Nikodému tí ó kọ́kọ́ tọ Jésù wá ní òru. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde sí gbangba, kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n wá ṣe; òkú ẹni tí ìjọba ti kàn mọ́ àgbélébùú ni wọ́n wá gbà sin, ní àkókò tí kò sí èrè kankan tí ojú lè rí mọ́ nínú bíbá a rìn.

Ọ̀wọ̀ kò nílò àpẹẹrẹ láti ọ̀nà jíjìn lórí ohun tí ìgbàgbọ́ lè ná ènìyàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ó jẹ́ ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, èyíinì ni ọjọ́ tí ìjọ ń ṣe ìrántí bí Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé àwọn àpọ́sítélì, àwọn agbébọn fi ìbọn àti ohun abúgbàmù kọlu àwọn olùjọsìn ní ìjọ Kátólíìkì Saint Francis Xavier ní òpópónà Owa-luwa, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40, tọmọdé tàgbà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ gba àwọn tí ó farapa, àwọn dókítà ké sí ará ìlú pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àwọn ènìyàn sì jáde. Nígbà tí Àjíǹde ọdún 2023 dé, àwọn olùjọsìn padà wọ ilé náà láti ṣe Máàsì. Ẹni tí ó padà jókòó sí ibi tí ẹbí rẹ̀ ti ṣubú ti wàásù láìla ẹnu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè gbé e dé ibẹ̀ náà kò sì di aláìgbàgbọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ ni yóò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi; Kristẹni tí ó bá tìtorí èdè tàbí ẹ̀sìn aládùúgbò rẹ̀ dá a lẹ́bi ní ìsọ̀ ẹran tàbí ní ibùdókọ̀ kò gbèjà ìgbàgbọ́ kankan.

Ìgboyà kò sì túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ọ̀nà agbègbè yìí kò rọrùn: ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adéwùsì, lójú ọ̀nà ní Elegbeka. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2022, Rótìmí Akérédolú, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, pàṣẹ pé kí àwọn ibi tí èrò ń wọ́ sí, títí kan ilé ìjọsìn, fi kámẹ́rà aṣọ́nà sí ọgbà wọn. Ìjọ tí apá rẹ̀ kò ká kámẹ́rà lè yan olùṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó ní nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ìpínlẹ̀, lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ kí ìṣọ́-òru mọ́ kí àwọn ọmọ ìjọ tó máa lọ sílé.

Orí ìwàásù gbangba ni ọ̀rọ̀ ti nílò ọgbọ́n jù. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà fún iléeṣẹ́ ìjọba, sọ pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní ọdún 1928 lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ìsọjí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930 sì wà lára gbòǹgbò ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì. Ní ọdún 1932, ìjọba amúnisìn jù ú sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lẹ́yìn ìwàásù tí ó ṣe tako àjẹ́ ní Òtùò, ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí agbègbè Ọ̀sẹ̀. Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdánilójú yẹ ní àwòkọ́ṣe. Ní ti àjẹ́, ìwàásù tí ó bá tọ́ka sí ìyá arúgbó kan lè di igi àti òkúta lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sì ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gba ohun tí ó wù ú gbọ́ kí ó sì kéde rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń jí lójú oorun ní òru náà sì wà lábẹ́ ààbò ìwé òfin kan náà. Nígbà ọdún Igogo, tí Ọ̀wọ̀ fi ń ṣe ìrántí Oronsen, olorì Ọlọ́wọ̀ Rerengejen, tí agogo sì ń gba ipò ìlù, Kristẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn bọ nǹkan lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú ìlú àti láìfọwọ́ pa idà ẹnikẹ́ni lójú.

Nínú iṣẹ́ ìjọba, àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ jù ni ti Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Saint Andrew's ní Ọ̀yọ́ àti ní Fourah Bay ní Freetown, tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ méjèèjì, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College kí ó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ọdún 1979. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n tú ìwé rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ sì dá a láre. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, tí ó ti ẹnu ẹni tí ń wá ẹ̀ṣẹ̀ jáde, wúwo ju ẹ̀rí tí ènìyàn dúró jẹ́ nípa ara rẹ̀ níwájú ìjọ lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni yóò di gómìnà. Kọ́ńgò ni ó kan gbogbo ilé. Kọ́ńgò ni agolo tí a fi ń wọn gàárì, ìrẹsì àti ẹ̀wà, gbogbo ẹni tí ń ná ọjà sì mọ bí wọ́n ti ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ó lè gba díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkó: àgbẹ̀ a kó èyí tí kò gbẹ sí ìsàlẹ̀ àpò, ẹni tí ń rà á náà a sì ti tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe sílẹ̀ de àgbẹ̀, olúkúlùkù á wá dé ilé ìjọsìn ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ìdámẹ́wàá èrè náà. Ìwé Léfítíkù, ní orí 19, kò fi irú èyí sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn nìkan; àṣẹ ni ó pa nípa òṣùwọ̀n, ní orí kan náà tí ó ti pàṣẹ ìfẹ́ sí ọmọnìkejì. Ìdí tí òtítọ́ fi ṣòro níhìn-ín kò farapamọ́: ẹni tí kọ́ńgò rẹ̀ pé ní láti fi owó lé iye rẹ̀, oníbàárà tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí tirẹ̀ ti wọnú. Olùtajà kan ṣoṣo tí ó bá dá dúró lè jẹ gbèsè, nítorí náà ni kò fi yẹ kí ìjọ máa bá òun nìkan wí láti orí pẹpẹ.

Kí àwọn olùdarí ìjọ ní Idasen, Ute àti Ifọ̀n pe àwọn ọmọ ìjọ tí ń tajà jọ kí ọjà tí ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù gbé kọ́ńgò rẹ̀ wá, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà yẹ gbogbo rẹ̀ wò lójú Ìyálọ́jà. Èyí tí kò bá sì pé, kí ìjọ fi owó àpótí bá onínǹkan ra òmíràn.