Ìgbà Òtútù Ni Kí Ẹ Mú Wa Lọ

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí ni mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbà gbọ́. Ní ọdọọdún, bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi gígùn ní oṣù Kẹfà, àwọn ìdílé kan nínú àwa Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà máa ń di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn a sì kọrí sí Arizona àti Utah láti lọ wo àwọn ọ̀gbun aláràbarà tó wà nínú aṣálẹ̀ ibẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá dé, ilẹ̀kùn á di títì. Wọ́n á ní òtútù kò dára fún ọmọ. Èmi sọ pé òdìkejì rẹ̀ ló tọ́. Nínú àwọn ọ̀gbun wọ̀nyẹn, ooru ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, ìgbà òtútù ló sì yẹ kí ẹ mú wa lọ rìn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Grand Canyon, ní Arizona. Etí gúúsù ọ̀gbun yìí fi nǹkan bí 2,100 mítà ga ju ojú òkun lọ. Láti etí yẹn dé odò Colorado tó ń ṣàn nísàlẹ̀ tó nǹkan bí 1,500 mítà. Bí ènìyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Nígbà ooru, ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà máa ń kọjá 40°C, nínú ibòji pàápàá. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú ọgbà náà fi ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn nínú rẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ẹni tó ń gun òkè lásán yóò kọ́kọ́ ṣe èyí tó nira, bó bá ń padà, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ti ọ̀gbun yàtọ̀ sí èyí. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣáájú. Láàárọ̀, ara tutù, ẹsẹ̀ fúyẹ́, àwọn ọmọ ń sáré níwájú, omi ṣì kún inú ìgò. Ìgbà tó bá rẹ gbogbo wọn tán, tí oòrùn ti wà ní àtàrí, tí omi ti ń tán lọ, ni gígun òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbé ọmọ ọdún méje lórí òkè yẹn nínú ooru 40°C?

Ibì kan tún wà ní Arizona, lẹ́bàá ààlà Utah, tí wọ́n ń pè ní The Wave. Àpáta ibẹ̀ ní ìlà pupa, ìlà ìyeyè àti ìlà funfun, ó rí bí ìgbì omi tó dúró gbagidi. Kò sí ọ̀nà kan pàtó tí wọ́n là síbẹ̀, kò sí omi, ibòji kò sì tó nǹkan. Ní oṣù Keje ọdún 2013 nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló kú nínú ooru ibẹ̀: tọkọtaya àgbàlagbà kan, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bí ooru bá lè pa ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ kékeré?

Ooru nìkan kọ́ ni ewu ìgbà yẹn. Láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni òjò alágbára máa ń rọ̀ lójijì nínú aṣálẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, àgbàrá gbé ènìyàn mọ́kànlá lọ nínú Antelope Canyon. Òjò náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sórí wọn. Ọ̀nà jíjìn ló ti rọ̀, omi rẹ̀ ló wá ya wọ inú ọ̀gbun tóóró náà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, àgbàrá tún pa ènìyàn méje nínú Keyhole Canyon, ní ọgbà Zion. Òjò lè rọ̀ nígbà òtútù náà o, ṣùgbọ́n irú ìjì òjò òjijì bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ nígbà náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, “Òtútù ńkọ́? Ṣé òtútù kì í pani ni?” Ó ń pani. Mi ò ní parọ́. Etí gúúsù Grand Canyon máa ń tutù kọjá 0°C lóru, yìnyín sì máa ń bo apá òkè ọ̀nà Bright Angel débi pé ẹsẹ̀ lè yọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù gbọ́ aṣọ. Ẹni tí òtútù bá mú lè wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Ẹni tí ooru bá mú, tó bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ tán, kí ló kù tí yóò bọ́? Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ dàgbà nílé mọ ọyẹ́ dáadáa. Ẹ kò torí ọyẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ para, ẹ wọ aṣọ tó nípọn, ẹ sì gba ilé-ìwé lọ. Òtútù Arizona le ju ọyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìmúra náà ló ń fẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ní Bryce Canyon, ní Utah, àwọn òpó àpáta pupa àti olómi ọsàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí èrò ọjà. Irin inú àpáta náà tó dógùn-ún ló fún un ní àwọ̀ pupa, òtútù ló sì ṣe púpọ̀ nínú gbígbẹ́ rẹ̀. Omi á wọ inú ihò àpáta lọ́sàn-án, á dì lóru, á fẹ̀, á sì la àpáta náà. Ó ju 170 ọjọ́ lọ lọ́dún tí omi fi ń dì tó sì tún ń yọ́ báyìí níbẹ̀. Ẹni tó lọ ní oṣù Keje yóò rí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ní oṣù Kìíní yóò bá òtútù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wo ló dára ju èyí lọ? Bí òjò dídì bá sì bo orí àpáta pupa yẹn, ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn mìíràn á ní ìsinmi ìgbà ooru nìkan ló gùn tó. Ṣé ó di dandan kí ìrìn-àjò gba oṣù kan? Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì wà ní ìparí ọdún. Àwọn Ọjọ́ Ajé tí ilé-ìwé kì í ṣí wà ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì. Èrò kì í sì pọ̀ ní oṣù Kìíní bí ti ìgbà ooru, ọmọ á lè dúró wo nǹkan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì í lẹ́yìn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ìrìn nínú aginjù jẹ́ nǹkan àwọn òyìnbó. Àwọn òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ mọ ọ̀gbun wọ̀nyí. Àwọn Havasupai, Hopi àti Navajo ti ń gbé agbègbè yẹn tipẹ́. Ojú ọ̀nà Bright Angel gan-an ni àwọn Havasupai ti ń dáko kí wọ́n tó lé wọn kúrò, ọdún 2022 ni wọ́n sì yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Havasupai Gardens. Owó orí tí ẹ̀yin òbí wa ń san wà lára ohun tí ìjọba fi ń tọ́jú ọgbà náà. Kí ló dé tí a ó fi máa ka ara wa sí àlejò níbẹ̀?

Mi ò ní kí ẹ kàn gbéra ṣáá. Ẹ ra irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà kó má baà yọ̀ lórí yìnyín. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele-ìpele. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání, nítorí òùngbẹ ń gbẹ ènìyàn nínú òtútù bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá fi wákàtí kan sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún gígun òkè, nítorí ilẹ̀ máa ń tètè ṣú. Ẹ yẹra fún ọ̀gbun tóóró tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn olùtọ́jú ọgbà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ewu oṣù Keje kò fara pamọ́. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gbun náà. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, a fẹ́ rí àpáta pupa yẹn, a sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oṣù Keje sílẹ̀. Ẹ ra ẹ̀wù òtútù fún wa, kí ẹ sì mú wa lọ ní oṣù Kìíní.