Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ọkọ̀ Kékeré àti Ohun Ẹja Pípa fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń gbé létí ọ̀sà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́. A kò ní dárúkọ ìyá náà, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. Ìyá náà ní ọkọ òun fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọdún tí ó kọjá, owó ìfẹ̀yìntì sì ti dé. Bàbá ní ẹja ni àwọn yóò máa pa báyìí. Wọ́n ti rí ọkọ̀ ńlá kan ní èbúté, tòun ti ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n gígùn mẹ́ta, gbogbo owó náà ni yóò sì bá a lọ. Àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, ọmọ ọdún 15 àti 12, ni yóò máa bá wọn wa ọkọ̀. Ìyá náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá Bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ojo obìnrin ni mí."

A mọ̀ pé Bàbá náà a máa ka ojú ìwé yìí, nítorí náà àwọn gan-an ni a kọjú sí. Bàbá, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ewu iṣẹ́ ọdún púpọ̀. A kò ní kí ẹ má lọ sí odò. Iṣẹ́ iyì ni ẹja pípa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì ti fi owó ẹja rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, àwa fúnra wa sì ti fi méjèèjì wọ̀n ọ́n rí.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ìlú kan létí ọ̀sà, a tọ́jú owó oṣù mẹ́ta, a fi ra ọkọ̀ kan. Kí ni ó mú wa rà á? Ọ̀dà pupa tí a fi kùn ún ni, kò sí ohun mìíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwa àti àbúrò wa wọ inú rẹ̀, a wà á jáde tìlù tìfọn. Nígbà tí a dé ibi tí a kò ti gbọ́ ohùn ará èbúté mọ́, a rí i pé omi ti bo ọrùn ẹsẹ̀ wa. Lábẹ́ ọ̀dà pupa náà, pákó ìdí ọkọ̀ ti jẹrà. A kò ní ohun tí a óò fi gbọ́n omi. Fìlà wa ni a fi ń gbọ́n ọn, àbúrò wa ń fi bàtà gbọ́n ọn. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi dojú dé. Àbúrò wa kò mọ ìwẹ̀. Ìdí ọkọ̀ tí ó dojú dé náà ni àwa méjèèjì dì mú, títí obìnrin kan tí ń yẹ ìgèrè rẹ̀ wò fi gbọ́ igbe wa, tí ó wá fà wá jáde. Kò bú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Ẹ̀yin akọ̀wé, igbá tí ẹ fi ń gbọ́n omi dà?"

Láti ọjọ́ náà ni a ti jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni a fẹ́ fi lé Bàbá lọ́wọ́, àti olúkúlùkù tí ó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Lọ́nà kìn-ín-ní, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ omi. Ẹ bẹ apẹja kan kí ẹ máa bá a jáde fún oṣù kan tàbí méjì. Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ, ìbú rẹ̀ sì tó kìlómítà 3 ní ibì kan, ó tó 13 ní ibòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi kò jìn, ṣùgbọ́n ibú wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pá kò lè kàn nísàlẹ̀. Ní ìhà ibi tí ó ti pàdé òkun, omi a máa kún, a sì máa fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a wọ inú ọ̀sà. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a tú omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀, àwọn ẹja a sì ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa ju ìwọ̀ sí ibi tí ẹja ti kó lọ. Ẹ tún kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà èbúté, kí ẹ mọ ibi tí olúkúlùkù ń dẹ àwọ̀n sí. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ béèrè òfin ọ̀nà omi lọ́wọ́ LASWA, ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 fún ìtọ́jú rẹ̀.

Lọ́nà kejì, ọkọ̀. Fún ènìyàn méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 20 ti tó. Kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí ó sì tẹ́jú, nítorí ọkọ̀ tóóró a máa yára, ṣùgbọ́n a tètè máa yí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó dànù. Igi ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ le, omi kì í sì tètè bà wọ́n jẹ́. Àràbà fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà. Ẹ má ṣe wo ọ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n dojú ọkọ̀ dé lórí ilẹ̀, kí ẹ fi ìka kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó bá le yóò dún gan-an, èyí tí ó ti jẹrà yóò dún bí ìgbà tí a kan elégédé. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ìdí rẹ̀ àti ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ fi owó yín sápò. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sínú omi di ọjọ́ kejì. Bí ọkọ̀ onípákó bá ti gbẹ, yóò kọ́kọ́ jò díẹ̀, nítorí pákó kò ì tíì wú. Bí ó bá wú tán tí omi ń wọlé síbẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Lọ́nà kẹta, ohun tí yóò wà nínú ọkọ̀ kí àwọ̀n tó wọ ibẹ̀. Àjẹ̀ méjì ni kí ó wà, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí omi lè gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbé àjẹ̀ nàró, kí ó dé àgbọ̀n yín. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan fún ibi tí omi kò ti jìn. Ẹ ní ìdákọ̀ró tí ó ní èékánná, nítorí òkúta lásán a máa wọ́ lórí ẹrẹ̀; kí okùn rẹ̀ sì gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi. Bí okùn bá kúrú, ìdákọ̀ró kò lè mú ilẹ̀. Ẹ ní igbá ìgbọ́nmi, kí ẹ sì so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ ní ọ̀bẹ mímú kan, nítorí bí àwọ̀n bá wé mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, kò sí àyè láti tú u. Ẹ ní fèrè, iná tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, àti fóònù tí a fi ọ̀rá dì mọ́ nítorí omi.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olúkúlùkù tí ó bá wọ ọkọ̀ ní ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀ lọ́rùn. Wíwọ̀ ni a ń wọ̀ ọ́, a kì í fi jókòó. Ti ọmọdé kì í ṣe ti àgbà. Bí ẹ bá dì í mọ́ ọmọ lára tán, ẹ dì í mú ní èjìká kí ẹ gbé e sókè. Bí ó bá yọ kọjá àgbọ̀n àti etí ọmọ, ó tóbi jù, ẹ wá èyí tí ó kéré sí i. Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kọ́ ìwẹ̀ ní ibi tí omi kò ju àyà wọn lọ, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Bí ẹ̀yin náà kò bá sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìtìjú láti bá ọmọ yín kọ́ ọ.

Lọ́nà kẹrin ni ohun ẹja pípa gan-an. Ẹ fi ìwọ̀ àti okùn bẹ̀rẹ̀. Owó wọn kò pọ̀, wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Kí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ìwọ̀ a máa ru àlejò lójú: bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀ 10 kéré sí ìwọ̀ 4. Ẹnu ẹpìyà kéré, nítorí náà ìwọ̀ 8 tàbí 10 tọ́ sí i, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ekòló. Ẹnu àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún fẹ̀, wọ́n sì lágbára. Ìwọ̀ ńlá àti okùn tí ó ki ni kí ẹ fi dè wọ́n, kí ẹ fi edé tàbí ẹran ẹja ṣe ìjẹ. Kí ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ̀bọ̀kún, nítorí ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ìhà rẹ̀ a máa gún ni dé eegun.

Lẹ́yìn ìwọ̀, ẹ ra ìgèrè bíi mélòó kan. Ẹ lè dẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ yẹ ẹ́ wò ní òwúrọ̀. Àwọ̀n tí a ń fi ọwọ́ jù ni ó tẹ̀ lé e. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ bí a ti ń jù ú, títí yóò fi máa là roboto. Àwọ̀n gígùn ni kí ó kẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo náà sì ni. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ na ojú rẹ̀ láti kókó dé kókó kí ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ a máa kó ọmọ ẹja, ẹni tí ó bá sì pa ọmọ ẹja lónìí ti jẹ ẹja ọ̀la. Ẹ kíyè sí i pé òwú ni àwọn baba wa fi ń hun àwọ̀n, a sì máa jẹrà bí ó bá sọnù sínú omi. Okùn ọ̀rá ayé òde òní kì í jẹrà. Bí ó bá sọnù, yóò máa pa ẹja fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe fi àwọ̀n sílẹ̀ sínú odò.

Lọ́nà karùn-ún, ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí ó dúró di ọdún kejì. Láti ọdún 1984 ni koríko olódòdó tí ń léfòó ti gba ìhà Bàdágìrì wọ àwọn omi wa. A máa wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, àwọ̀n ọlọ́wọ̀n náà sì lè wé mọ́ ọn. Epo pẹtiróò kì í bèèrè bóyá ẹ rí ẹja pa kí ó tó tán. Ẹni tí kò bá lè fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá rẹ̀.

Ní ti ojú ọjọ́, ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ìlà oòrùn bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì, ìjì ń bọ̀. Ẹ kó ìwọ̀, ẹ wá etí odò, ẹ má ṣe dúró de ẹja kan sí i. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pé ẹ fẹ́ wẹ̀ lọ sí èbúté. Ọkọ̀ igi a máa léfòó. Òun ni ó gba àwa là.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìdajì owó ìfẹ̀yìntì má ṣe kan odò rárá. Ti oúnjẹ, ti oògùn àti ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Ẹ pín ìdajì kejì sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọkọ̀ àti ohun ìdáàbòbò, ọ̀kan fún ohun ẹja pípa, ọ̀kan fún àtúnṣe. Bí èyí kò bá tó ra ọkọ̀ ńlá náà, kí ọkọ̀ ńlá náà máa wá ẹlòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá wa, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Nígbàkígbà tí wọ́n bá jáde, ẹ kọ ìgbà tí wọ́n lọ, ibi tí wọ́n ní àwọn ń lọ, àti ìgbà tí wọ́n ní àwọn yóò dé sílẹ̀. Ẹ mọ ẹni tí ẹ óò ké sí ní èbúté bí ìgbà náà bá kọjá. Èyí kì í ṣe ojo. Àbúrò wa tí a wí yìí ti di baba ọmọ mẹ́rin, ìgbe tí obìnrin kan gbọ́ tí kò gbójú fò ni ó sì fà á.

Bàbá, bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ wa, ẹ kọ̀wé sí wa nígbà tí ẹ bá pa ẹja àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá sì gba gbogbo rẹ̀, a bẹ̀ yín, ẹ gba èyí kan: kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí igbá ìgbọ́nmi wà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.