Apá Tí Kò Gbéra Mọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Lẹ́tà ìyá kan tí ń ta aṣọ ni a mú lọ́sẹ̀ yìí. Iṣan já ní èjìká ọ̀tún rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbé ìdì aṣọ. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó rán iṣan náà mọ́ egungun, wọ́n sì fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n ti tú aṣọ ọ̀hún báyìí, ojú egbò ti jiná, ṣùgbọ́n ìyá kò lè nawọ́ wé gèlè. Aládùúgbò rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí ọkùnrin alágbára kan fa apá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lè tú.

Ìyá wa, ẹ má dán an wò o! Awọ ara ni ó jiná, inú kò tíì jiná. Iṣan tí a rán mọ́ egungun a máa lò tó oṣù 3 kí ó tó dì mú dáadáa. Ẹni tí ó bá fi agbára fà á lè já a padà.

Kò sí oríkèé tí ó ń yí káàkiri tó èjìká. Àpò kan ni ó bò ó yí ká. Bí apá bá dúró sójú kan pẹ́, àpò náà a súnkì. Ti alátọ̀gbẹ a tilẹ̀ máa le ju ti ẹlòmíràn lọ.

Àwọn oníṣẹ́ físíò ni kí ẹ tọ̀ lọ. Àwọn kan rò pé ara wíwọ́ lásán ni iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà láti 1966. Wọn yóò ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, kí apá ọ̀tún máa rọ̀ dirodiro, kí ẹ sì fi ara mì í díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, kí apá tí ó le gbé èyí tí kò le sókè. Nígbà tí ó bá yá, ẹ ó máa fi ìka gun ògiri. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹ gùn dé. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìwúlò èyí.

Bí ó bá fà yín díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìrora náà bá gba oorun lójú yín lóru, ẹ ti ṣe é jù. Bí ibà bá dé, tàbí tí ojú egbò bá ń ṣọyún, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, a mọ̀. Ẹ mú ọmọ kan nínú ilé dání, kí físíò kọ́ ọ, kí ẹ lè máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Ó lè gba oṣù 4 sí 6, ti ẹlòmíràn a sì tó ọdún kan. Ẹ má gbé ìdì aṣọ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda.

Ẹ kọ̀wé padà sí wa, ìyá, kí a mọ ibi tí ìka yín gùn dé lára ògiri.