Ọwọ́ Òsì Nìkan Kò Tó Bá Ọmọ Wí

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Òwe yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa nílé ẹ̀kọ́ girama, nítorí ìráhùn àwọn ọmọ ti pọ̀. Ẹ pe ọmọ SS2 kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo jókòó, kí ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń dà á láàmú jù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní dárúkọ ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò pè. Wọ́n á ní tíṣà náà ti le jù, pé ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má fún àwọn ní àròkọ, pé bí èèyàn bá fi gbogbo òru kọ ọ́, máàkì tó máa bọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó sùn.

Àwọn àgbàlagbà kan á dáhùn kíá pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé fóònù ló gbà wọ́n lọ́kàn. N kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì sí lẹ́yìn àwọn òbí tó ń lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé kí ó sọ fún tíṣà kó dín iṣẹ́ kù. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. WAEC kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé kejì ti Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 2 péré ni ọmọ ní láti fi kọ àròkọ tó máa tó ọ̀rọ̀ 450, kó ka àyọkà kó dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, kó sì tún ṣe sọ́márì, níbi tí wọ́n ti ń gé máàkì lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn da gbólóhùn olóhun kọ bó ṣe wà. Ìbéèrè 80 wà nínú ìwé kìíní, 60 sì tún wà fún ọ́ràlì. Tó bá dé JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù jẹ́ 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ di dókítà àti ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọ yunifásítì: kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà tó bá wá fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ọmọ lóore. Kó fún wọn ní àròkọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kọ ọ́ tán. Ọmọ àbúrò mi kan gbé ìwé rẹ̀ wá fún mi láti wò. Wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ ládùúgbò. Ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ. Ó kọ nípa ìyá alákàrà tí ọkọ̀ ta ẹrọ̀fọ̀ sínú agbada epo rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó kọ nípa ọlọ́kadà tó já aláboyún sílẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí kòtò. Mo kà á, mo rí àdúgbò náà kedere. Àmọ́ báírò pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, “he” ni ọmọ pe ìyá alákàrà, nítorí “ó” kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin nílé. Tíṣà yí báírò po ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo láti ṣàlàyé. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, 15 nínú 50, àti àṣẹ pé kó tún un kọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ìyá alákàrà. Kò sọ nǹkan kan nípa aláboyún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò WAEC fúnra rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 ni ti ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 ni ti bó ṣe tò ó, 20 ni ti bó ṣe fi èdè gbé e kalẹ̀. 10 tó kù ni ti gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró. Ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gé níbẹ̀, kò sì lè gé kọjá 10 yẹn. A jẹ́ pé ibi máàkì 10 ni gbogbo báírò pupa wà, tí tíṣà kò sì sọ̀rọ̀ rárá lórí 40 tó kù. Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ pé ìyá alákàrà yẹn ni ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, yóò yéé kọ nípa ènìyàn gidi. Yóò há àròkọ kan sórí láti inú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà níwájú ilé ìwé, èyí tí kò ní àṣìṣe tí kò sì ní ẹ̀mí.

Mo gbọ́ èsì àwọn tíṣà, mo sì gbà á. Ẹni tó ní kíláàsì 3, tí ọmọ 60 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé 180 ló ń dúró dè é. Bó bá lo ìṣẹ́jú 5 lórí ìwé kan, wákàtí 15 nìyẹn, kò tíì gba owó àfikún kankan. Ṣé ó wá yẹ kó ka gbogbo rẹ̀? Kò pọn dandan. Kó mú ìwé méjì nínú ọgọ́ta, kó kọ ìpínrọ̀ kan nínú wọn sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó ni ín, kí gbogbo kíláàsì sì jọ tún un ṣe lójú rẹ̀. Kó kọ ti òun náà síbẹ̀, kí àwọn ọmọ rí i bí àgbà ṣe ń pa gbólóhùn rẹ́ tó sì ń tún un tò. Ìyẹn ni ọwọ́ ọ̀tún tí òwe ń sọ. Wákàtí kan bẹ́ẹ̀ ń ṣe ọmọ láǹfààní ju báírò pupa oṣù kan lọ.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ilé ìwé tó sọ Yorùbá di ẹ̀ṣẹ̀. Aṣíwájú kíláàsì ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ń kúnlẹ̀, tàbí kó san owó ìtanràn. Bẹ́ẹ̀, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a kò gbà láyè kó fi èdè tó gbọ́ dáadáa ro ohun tó fẹ́ kọ kò ní rí nǹkan kan mú dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-Ifẹ̀ ti fi èyí hàn wá láti ọdún 1970. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí tíṣà tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yìí ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní àwọn kíláàsì òkè yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń fa ìjákulẹ̀ nínú WAEC àti JAMB. Ọmọ tó ṣe WAEC ní ọdún 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà ọdún 2022 tó dé. Báwo ni ìlànà tí kò bá a níbẹ̀ ṣe wá gbé e ṣubú? Ohun tó bá a níbẹ̀ ni kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tíṣà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, àti ìwé kíkà tí kò sí nínú yàrá ìkàwé.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ni owó yẹn ń gbé ọmọ dé. Kí Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù gba tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kún tíṣà láti JSS1, kí ọmọ inú kíláàsì kan má ju 35 lọ fún iṣẹ́ àròkọ, kí wọ́n sì fi òfin de owó ìtanràn lórí Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Lẹ́yìn náà, kí tíṣà le bó bá ṣe fẹ́. Àwọn ọmọ yóò ráhùn nígbà náà pẹ̀lú, n kò sì ní gbè sẹ́yìn wọn mọ́.