Àfikún Oúnjẹ Kì í Sọni Di Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Airport Road ní ìlú Benin, òórùn oúnjẹ ni yóò máa júwe ọ̀nà. Títì yìí ló so agbègbè Ring Road pọ̀ mọ́ pápákọ̀ òfuurufú, ohun jíjẹ kò sì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bọ̀ọ̀lì lórí ẹyín iná, súyà nínú bébà, iyán àti ẹ̀bà ní búkà, ìrẹsì àti adìẹ dídín ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé. Ẹni tó fẹ́ dín ara kù yóò ní láti fi ìjánu sí ojú àti imú kó tó kọjá níbẹ̀. Abájọ tí ìmọ̀ràn kan tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń lọ sí ilé ìdárayá fi máa ń dùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n ní kó má febi pa ara rẹ̀. Kó jẹun sí i, kódà kó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, torí pé bí oúnjẹ bá ti ń wọlé ni ara yóò máa gbiná, tí ọ̀rá yóò sì máa yọ́.

Ìmọ̀ràn náà dùn, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò pé.

Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀. Ara ń ná agbára kó tó lè da oúnjẹ. Nínú 100 kálórì purotéènì, bí ẹja, ẹran tàbí ẹyin, ara lè ná 20 sí 30 lórí iṣẹ́ yìí. Ti oúnjẹ afúnilókun bí ẹ̀bà àti iyán jẹ́ 5 sí 10. Ti òróró àti ọ̀rá kì í sábà ju 3 lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá pa pọ̀ nínú abọ́ kan, ó máa ń súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi 1,000 kálórì kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yóò ná nǹkan bí 100 láti dà á. 900 ṣì kù nílẹ̀.

Ìpín ẹ̀ẹ̀mẹ́fà náà kò yí nǹkan kan padà. Bí ènìyàn bá jẹ 2,100 kálórì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ bá lọ sórí dídà, 210 ni. Bó bá pín in sọ́nà mẹ́fà, 210 náà ni.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìmọ̀ràn yìí lè tọ́ka sí ìwádìí tí James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n fún ènìyàn 16 ní àfikún 1,000 kálórì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lóòótọ́, ara àwọn kan ná púpọ̀ nínú àfikún náà: wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń dìde, wọ́n ń rìn káàkiri láìmọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọ̀rá ara rẹ̀ dín kù. Ẹni tó ṣe é re jù lọ fi ohun tí kò tó ìdajì kílò kún ọ̀rá; ẹni tó fara gbá a jù fi kílò mẹ́rin lé.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ ilé jù lọ wá láti ìgbèríko gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago wọn agbára tí obìnrin 149 ń ná lójúmọ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi wé ti obìnrin adúláwọ̀ 172 ní agbègbè Chicago. Nínú àwọn ti Nàìjíríà, nǹkan bí 7 nínú 100 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Chicago, ó tó ìdajì. Ẹni tó gbà pé bí ara ṣe ń jó oúnjẹ ló ń fa pẹ́lẹ́ńgẹ́ yóò retí pé iná ara àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ń jó fòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwọ̀n ara kálukú yẹ̀ wò, agbára tí ìhà méjèèjì ń ná lórí ìgbòkègbodò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fún ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, iye agbára tí obìnrin kan ń ná kò sọ bóyá yóò sanra tàbí kò ní sanra. Ohun tí Luke fura sí ni abọ́ oúnjẹ: ti Nàìjíríà kún fún ọkà, iṣu àti ewébẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ti Chicago kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ alágolo àti alápò.

Àtakò kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ṣì kù. Ebi àpafẹ́rẹ̀ẹ́kú máa ń mú kí ara fọwọ́ há agbára tó ń ná. Ancel Keys rí èyí kedere ní Yunifásítì Minnesota ní 1945, nígbà tó dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún ọ̀sẹ̀ 24. Ara wọn tutù, okun tán nínú wọn. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n wọn ló lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn má febi jẹ ara rẹ̀ níyà. Kò sọ pé kó máa jẹ àjẹyó àti àjẹkì.

Ohun tó lè ran ẹni tó ń ra oúnjẹ alẹ́ ní Airport Road lọ́wọ́ kò nira. Kó bu òkèlè díẹ̀ kúrò, kó fi ẹja tàbí ẹ̀wà dípò rẹ̀, nítorí purotéènì ń tètè yóni, ara sì ń ná jù láti dà á. Ṣíbí ńlá epo pupa kan tó nǹkan bí 120 kálórì, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50 cl sì lè gbé 200. Omi kò ní ẹyọ kan. Kó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tó ń lọ bí kò bá jìnnà.

Ní ti àwọn olùkọ́ eré ìdárayá tó ṣì ń ní kí àwọn ènìyàn jẹun sí i kí wọ́n lè fọn, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n fi okùn wọn ìbàdí wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lójú àwọn oníbàárà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.